Ajá Tó Bojú Wẹ̀yìn

"Ajá tó bá ní ẹni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ." Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, wọ́n á sì máa mi orí bí ẹni pé ó yé wọn. Ó dáa, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló ti rí ajá tó gun igi rí? Orí igi ni ọ̀bọ ń gbé, ilẹ̀ ni ajá ń sá kiri. Bí ẹgbàá èèyàn bá tilẹ̀ tò sẹ́yìn ajá, ṣé wọ́n á gbé e gun igi ni? Àwọn tó ń fi òwe yìí halẹ̀ nítorí pé wọ́n ní èèyàn nílé ìjọba, wọn ò mọ̀ pé ẹkún ló bí i. Ẹ fetí sílẹ̀ kí n sọ bó ṣe rí.

Ọdẹ kan wà ní Òkè-Ìrókò tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ọdẹ gidi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹfọ̀n àti túùkú ló ń pa. Ìgbéraga rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣeé bá gbé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àwẹ̀ró, jẹ́ opó, inú agboolé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Àgbàdo tí Àwẹ̀ró ń gbìn sí ẹ̀bá igbó ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń jẹ. Lọ́dún kan, àwọn ọ̀bọ wọ oko náà nígbà tí àgbàdo gbó, wọ́n jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ ku pòròpórò. Àwẹ̀ró sunkún lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá bá òun ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù.

"Èmi?" ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Èmi tí mò ń pa ẹfọ̀n, kí n wá máa lé ọ̀bọ nínú àgbàdo? Lọ wá ẹlòmíràn."

Kò rí ẹlòmíràn. Ebi ọdún náà ló pa Àbíọ́nà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó wá ku Àìná, ọmọbìnrin kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọdún yípo, abo ajá Ọdẹ́jìnmí bímọ mẹ́rin sábẹ́ àká. Oúnjẹ ò tíì pọ̀ nílé, ọdẹ náà ní méjì péré lòun máa tọ́. Ó ní bó ṣe máa ń ṣà wọ́n. Bí ojú àwọn ọmọ ajá náà ṣe là, ó gbá wọn mú lẹ́yìn ọrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn sókè: èyí tó bá ké, kò dáa nìyẹn. Ó tún kó gbogbo wọn sínú oòrùn, ó ń wo èyí tí ìyá wọn máa kọ́kọ́ gbé padà sí ibùsùn. Akọ dúdú kan kò ké, òun náà sì ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé. Ọdẹ́jìnmí sọ ọ́ ní Abìjà. Ó mú akọ kejì mọ́ ọn, ó fi ẹ̀kẹta ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Èyí tó kù jẹ́ abo tín-ín-rín kan, tó ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, tí ìyá rẹ̀ gan-an fi sínú oòrùn tí kò padà wá gbé.

"Ẹ gbé ìyẹn lọ sí ààtàn," ni ọdẹ wí.

Àwẹ̀ró ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi. Ó lè máa bá mi gbó lóko."

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró, inú ìyá rẹ̀ ni ajá ti ń dáa wá. Èyí tí kò bá dáa, bó o fún un lẹ́ran ẹfọ̀n jẹ, ọ̀lẹ ni. Ṣé ẹnu tí ò ń bọ́ kò tíì tó ọ ni?"

"Ẹnu tí mò ń bọ́ ti dín ọ̀kan," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

Ọdẹ wọlé lọ.

Ẹ̀kọ ni Àwẹ̀ró ń pò mọ́ omi, tó ń fi òwú kán sí ajá náà lẹ́nu. Ó sọ ọ́ ní Ìwọ-ló-kù. Ẹ ṣáà mọ orúkọ ajá nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò lè sọ lójúkojú ló máa ń wà nínú rẹ̀. Gbogbo ibi tí Àwẹ̀ró bá ń lọ, ajá náà á wà níwájú. Bó bá rí ohun tó bà á lẹ́rù, á dúró, á bojú wẹ̀yìn. Àwẹ̀ró á ní, "Mo wà níbí," á sì tún máa lọ. Àwọn ará agboolé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní irú ajá wo ló ń gba àṣẹ kó tó gbó mọ́ ewúrẹ́.

Àgbàdo tún gbó, àwọn ọ̀bọ tún dé. Baba ọ̀bọ kan ló ṣáájú wọn, eléyín gígùn. Ó ti mọ̀ pé obìnrin kan ló ni oko, kì í tilẹ̀ sá gun igi mọ́ bó bá rí i. Àárín ebè ló ń jókòó sí, tó ń bó àgbàdo jẹ. Ẹ̀yin tó ń wo òkè igi, ibi tí ọ̀bọ wà nìyẹn.

Àwẹ̀ró lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bí oko yìí bá tún lọ, Àìná náà á lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọdẹ lára díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú Abìjà àti akọ kejì, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé ẹ̀bá oko, ìgbéraga tún gbé e wọ̀. Ó tú okùn ọrùn àwọn ajá, ó ní, "Ẹ lọ parí ẹ̀." Ó bá jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fa áṣáà símú.

Abìjà bá eré lọ. Kò ṣojo, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Ó dé ọ̀dọ̀ baba ọ̀bọ, ọ̀bọ kò mira, ó kàn ṣí eyín. Abìjà dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Pòròpórò àgbàdo nìkan ló rí. Ó gbó, ó tún bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́ni. Èyí tó wò lẹ́ẹ̀kejì yẹn ló pa á: kó tó yíjú padà, ọ̀bọ ti di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó ti ki eyín bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ajá kejì sá, ó ń ké lọ.

Àwẹ̀ró ń ti odò bọ̀ ní òdìkejì oko, ọkọ́ léjìká, Ìwọ-ló-kù níwájú. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ọ̀bọ tó pa ajá ọdẹ, kí ni kò lè fi obìnrin ṣe? Ó fẹ́ sá. Ó rántí Àìná tó fi sílé, kò lè sá mọ́. Ìwọ-ló-kù náà ti dúró. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Mo wà níbí," ni Àwẹ̀ró wí. Ó gbé ọkọ́ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. "Mo wà lẹ́yìn rẹ. Mú un!"

Ajá fò mọ́ ọ̀bọ. Ọ̀bọ fẹ́ kojú ajá, ó rí ọkọ́ lókè. Ibi tó ti ń wo ọkọ́ ni ajá ti gbá a lọ́fun mú. Wọ́n ń yí nínú ebè, Àwẹ̀ró ń pariwo "Mo wà níbí! Mo wà níbí!" kò sì fà sẹ́yìn. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí fi sáré dé tòun tìbọn, ọ̀bọ ti kú, eyín abo ajá náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọdẹ wo Abìjà nílẹ̀. Ó wo èyí tó ní kí wọ́n gbé lọ sí ààtàn. "Àwẹ̀ró, oògùn wo lo fún ajá yìí jẹ?"

"Ẹ̀kọ ni."

"Má tàn mí. Èmi ni mo ṣà wọ́n. Abìjà ló dáa jù nínú wọn."

"Òun ló dáa jù lóòótọ́," ni Àwẹ̀ró wí, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i. Kò rí yín. Tèmi ní ẹni lẹ́yìn, òun ló fi pa ọ̀bọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi náà bojú wẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Àbíọ́nà ń kú lọ."

Ọkùnrin tó ń pa ẹfọ̀n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgbàdo, ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin Abìjà. Kò bá a padà sílé lọ́jọ́ náà. Ó gé igi, ó kọ́ ahéré kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ibẹ̀ ló sì ń sùn títí wọ́n fi kórè. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ní, "Ọdẹ́jìnmí, ìwọ náà lo wá ń ṣọ́ àgbàdo?" Kò bá wọn jiyàn. Ohun kan náà ló ń fi dá wọn lóhùn: "Ajá tó bá ní ẹni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ."

Àìná jẹ àgbàdo ọdún náà, ó yó.

Òwe náà nìyẹn. Kì í ṣe ajá ló ń bá wí, kì í sì í ṣe ọ̀bọ. Ajá tó bá ní ẹni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Bí ẹ bá tún fẹ́ pa á, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn wá yín.