Ọwọ́ Tó Ń Po Ẹ̀wà Àwẹ̀ró

Ìlú Ọ̀ṣu ni wọ́n ti fẹ́ Àwẹ̀ró wá sí Ìdí-Emi, abúlé kan lápá Ọ̀yọ́. Àkàrà gbígbẹ tó ń ró lẹ́nu ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín in ní oríta. Ṣùgbọ́n àkàrà tó rọ̀ bí òwú ni àwọn ará Ìdí-Emi mọ̀. Wọ́n ní ti ìyàwó yìí fẹ́ ká àwọn léyín. Àwẹ̀ró sunkún, ó ní bí ọjà kò bá tà lọ́la, òun yóò padà sílé ìyá òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ẹ̀wà, ó bu omi sí i kí ó lè rọ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì lọ pọnmi. Nígbà tí ó dín in, àkàrà náà wú, ó rọ̀, wọ́n sì rà á tán. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Omi ló fún ní oríyìn.

Ọjà rẹ̀ ti gbajúmọ̀ nígbà tí ó sáré padà wálé láti ọ̀nà odò ní òwúrọ̀ kan wá mú òṣùká tó gbàgbé, tó rí Ìyá Ọdẹ́wálé, ìyáálé rẹ̀, tó ń jáde nílé ìdáná, tí ẹ̀wà lílọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu obìnrin yìí, Àwẹ̀ró sì ti rò tipẹ́ pé kò fẹ́ràn òun. Ó tọ baálé ilé lọ, ó ní ìyáálé òun ń fi nǹkan sí ọjà òun. Baálé ní kó gbé ẹ̀wà ọ̀la dání lọ sódò, kí ọwọ́ ẹlòmíràn má baà kàn án. Bí àkàrà náà bá yàtọ̀, a jẹ́ pé òótọ́ ni, ìyáálé yóò sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú agbo ilé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ilé pé sí oríta. Àwẹ̀ró da ẹ̀wà sínú epo gbígbóná. Kò wú. Ó tú ká, ó di èérún lójú gbogbo ènìyàn. Ó da òmíràn, òun náà tú. Baálé ní kí ìyáálé sọ ohun tó mọ̀.

“Omi pọ̀ jù nínú ẹ̀wà yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì pò ó,” ni Ìyá Ọdẹ́wálé wí. “Èmi ni mo máa ń pò ó títí á fi wú, bí ìyàwó bá ti lọ sódò. Bí mo bá kọ́ ọ ní gbangba, wọn á ní ọmọ Ọ̀ṣu kò mọ àkàrà dín. Mi ò fẹ́ kí ó tìtorí ẹ̀rín wọn fi ilé sílẹ̀.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sínú eruku. Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ìyáálé mi, ẹ ṣeun. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n nílé níbí.”

Ìyá Ọdẹ́wálé fà á dìde, ó mú orógùn, wọ́n sì jọ po ìyókù. Láti ọjọ́ náà, àkàrà tó bá kọ́kọ́ jáde nínú epo Àwẹ̀ró, ti ìyáálé rẹ̀ ni.

Epo ló tú oore tí ìyáálé fi pamọ́ síta. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tó fi jẹ́ pé bí ohun tí a bò mọ́lẹ̀ bá hàn, wọn a ní: àkàrà tú sépo.