Ẹsẹ̀ Tó Kọjú sí Ilé Ọdẹ́níyì

Ẹsẹ̀ lè kọjú sílé, kí ẹlẹ́sẹ̀ máa lọ sígbó. Òun ló dífá fún Ọdẹ́níyì, ọdẹ ilẹ̀ Bùràsíìlì, lọ́jọ́ tó pa abo ìmàdò olóyún nínú igbó Kurupírà.

Kurupírà ni iwin tó ń ṣọ́ igbó náà. Kò ní kí ọdẹ má pa ẹran jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ inú rẹ̀, aya onítọ̀hún ni yóò wá dúró tì. Ọyáfúnkẹ́, aya Ọdẹ́níyì, sì wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ. Láti ọjọ́ náà, ọlẹ̀ inú rẹ̀ kò sọ mọ́.

Ẹ̀rù ba ọkọ. Ó tọ Fátóòkun, ìyánífá abúlé wọn, lọ. Ifá ní kí ó gbé ìká tábà kan àti ahá ọtí ìrèké kan sí ìdí àràbà inú igbó. Ó rú u nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi, yóò tún wò ó bóyá májèlé wà nínú rẹ̀!

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó fi lọ yẹ ẹbọ wò. Tábà ti lọ, ahá ti gbẹ. Ipasẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀: gìgísẹ̀ níhà igi, ọmọ ìka níhà abúlé.

“Mo mọ̀ ọ́n! Ẹni tó ní ká rúbọ náà ló ń jẹ ẹ́!”

Ó pariwo olè dé ilé Fátóòkun. Ìyá kò bá a jà. “Máa tọ ẹsẹ̀ náà lọ, ọdẹ. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.”

Ipasẹ̀ kọjá ilé Fátóòkun, kò yà. Ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́níyì gan-an ló parí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọdẹ sá awọ ìmàdò náà sí. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti rì jù, bíi ti ẹni tó dúró pẹ́.

Ọdẹ́níyì kọjú sí aya rẹ̀ tó jáde wá: “Ọkùnrin wo ló dúró síbí lánàá?”

“Kurupírà ni,” Fátóòkun dáhùn. “Ẹ̀yìn ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí. Ibi tí o rò pé ó dé sí, ibẹ̀ ló ti gbéra. Ọmọ inú aya rẹ ló dúró dè níbí, kí òórùn tábà tó fà á lọ.”

 Ọdẹ́níyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ àwọn méjèèjì. Ọyáfúnkẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ikùn.

“Láti ìdájí ni ọlẹ̀ ti ń sọ,” ó ní. “Ẹ kò dúró gbọ́ ni.”

Ọdẹ́níyì sin awọ náà, aya rẹ̀ sì bí wẹ́rẹ́. Lóòótọ́, ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n Ifá ní, ẹni tó bá rúbọ tán, kí ó jókòó ti àwọn ará ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni ire yóò ti kọ́kọ́ fọhùn.