Ọkọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù

Nígbà tí odò kún ya wọ abúlé, ọkọ̀ Fadérera apẹja nìkan ni omi kò gbé lọ. Bó ṣe ń tù ú lọ gbé abiyamọ kan tó rọ̀ mọ́ òrùlé tọmọtọmọ, Baálẹ̀ ké sí i láti ojú fèrèsé:

"Wá kọ́kọ́ gbé àpótí aṣọ mi!"

Inú bí Fadérera.

"Baálẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku! Èèyàn ló ń kú lọ yìí!"

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Fadérera gbé tìyátọmọ gúnlẹ̀ láyọ̀, ó sì padà wá gbé Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, obìnrin kan ò kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀ mọ́.