Bí Rédíò Ọkọ̀ Ìjàpá Méjọ̀ Ṣe Fọhùn
Méjọ̀ Akíndípẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tí ì fẹ̀yìn tì. Ó fi ara ńlá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ rẹ̀, ó na àgbàdo sísun tó ń jẹ sí Wúràọlá oníwáyà mọ́tò, ayálégbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Rédíò tí o fi sọ́kọ̀ mi ti yadi. Tí mo bá jẹ àgbàdo yìí tán tí kò fọhùn, kó ẹrù ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi." Wúràọlá yẹ iwájú ọkọ̀ wò, kò rí àléébù. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì ìjàpá máa ń wà, ìdí bàbá ló sì ti tẹ wáyà rédíò yọ lára rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde díẹ̀." "Ológun kì í kúrò níbi tó bá dó sí." Àgbàdo ku ìdajì. Wúràọlá so fóònù mọ́ sípíkà ńlá ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi orin orílẹ̀-èdè sí i. Kíá ni Méjọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dúró gbagidi bí òpó iná, ó lẹ apá mọ́ ẹ̀gbẹ́, àgbàdo ò sì lè dé ẹnu mọ́. Wúràọlá ṣí ìjókòó, ó de wáyà pinpin mọ́ bátìrì. Orin parí, ó tún bẹ̀rẹ̀, torí Wúràọlá ti ní kí fóònù máa tún un kọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, rédíò ti ń ka ìròyìn nínú ọkọ̀. "O tàn mí, obìnrin yìí," Méjọ̀ sọ ọ́ láìmi orí. "Èmi bẹ̀ yín, sà, ẹ kọ̀. Orílẹ̀-èdè ló pàṣẹ." "Máa lo ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ. Jọ̀ọ́, pa nǹkan yẹn, kí n lè jókòó."