Omi Tí Wọ́n Bù fún Àlejò

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Motúnráyọ̀ tiẹ̀ ní ju ojú lọ: ní yunifásítì tó ti ń ṣèwádìí omi, ó ní ẹ̀rọ tó ń rí kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí.

Ìgbẹ́ gbuuru ń da àwọn ọmọdé abúlé kan láàmú, ló bá kó ìgò lọ síbẹ̀ láti gba omi kànga wọn. Wọn ò jẹ́ kó fà á fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé àga fún un, àwọn ìyàwó ilé gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì bu omi kún un wá. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí kòkòrò kankan. Ó kọ̀wé sí wọn pé omi kànga wọn mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì ló gbọ́ pé ọmọ mẹ́ta tún ti dùbúlẹ̀. Ó sáré padà sọ́dọ̀ Ìyá Adéọ̀ṣun tó gbà á lálejò.

"Màmá, kànga wo lẹ ti bu omi tẹ́ ẹ fún mi?"

"Kànga kẹ̀? Ọmọ mi, ta ní í bu omi kànga fún àlejò? Omi òjò díẹ̀ tá a tọ́jú sínú àmù la bù fún ọ."

Motúnráyọ̀ di ọwọ́ màmá náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má mu ti kànga láìsè é o!"

Ìyá náà wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń mí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ẹní.

"Látìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń sè é. Ìgbà tí ìwé rẹ ní ó mọ́ la jáwọ́."