Ìbéèrè Tó Há sí Alángbá Lọ́fun

Nígbà láéláé, ohùn Alángbá a máa dún ju ti ẹyẹ lọ, orí rẹ̀ sì máa ń dúró jẹ́ẹ́ lórí ọrùn. Tó bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu ló fi ń sọ ọ́. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, Àwẹ̀ró. Ní ọjọ́ kan, ibà mú Àwẹ̀ró. Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ oúnjẹ. Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ kò ṣí dáadáa mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tí wọ́n pè é tí kò dáhùn, àyà ìyá rẹ̀ já.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Òòrẹ̀. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í. Ọmọ kan la ní o."

Òòrẹ̀ ni oníṣègùn gbogbo ẹranko. Aláàánú ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ara rẹ̀ gùn, ó sì máa ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gún yìí ni Alángbá ń wò nígbà tó gbé ọmọ débẹ̀.

"Ara ọmọ ńkọ́?" ni Òòrẹ̀ bi í.

"A dúpẹ́, bàbá."

"Ọpẹ́ kẹ̀? Ṣé ọpẹ́ lo gbé ọmọ tí kò lajú wá dá níbí?" Òòrẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí Àwẹ̀ró. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó wọlé lọ mú àdó kékeré méjì wá, ó so òwú mọ́ wọn lọ́rùn. "Èyí tó ní òwú pupa, pípa sára ni. Kò gbọdọ̀ kan ọ̀fun láéláé. Èyí tó ní òwú funfun ni kó mu, ẹ̀kán mẹ́ta, kí oòrùn tó wọ̀. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọmọ lè bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣé ó yé ọ?"

Ẹ̀gún ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Alángbá gbọ́ díẹ̀, kò gbọ́ púpọ̀. Ẹ̀rù ti gbé ahọ́n rẹ̀ mì, ló bá gbé orí sókè, ó gbé e wálẹ̀.

"Ó dá ọ lójú?"

Ó tún gbé e sókè, ó gbé e wálẹ̀. Ó fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni.

Lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Ìgbín tó ń dúró de oníṣègùn bi í pé, "Nínú méjèèjì yìí, èwo ni ti mímu?"

Alángbá wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Padà wọlé, ọmọ mi. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

"Háà, ìyá! Kí bàbá lè sọ pé mi ò létí? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí."

Ó gbé ọmọ, ó ń lọ. Ààbọ̀ tó gbọ́ kò sì di odindi títí ó fi délé.

"Èwo ni mímu?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Èémí Àwẹ̀ró ń já, ó ń so. "Ẹ sọ̀rọ̀ o! Èwo ni?"

"Pupa ni… àbí funfun."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Alángbá ṣí àdó olówùú pupa. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Oògùn náà jó o lọ́fun bí iná. Ó ṣubú, ó la ẹnu, igbe kò jáde. Ìyàwó rẹ̀ kò tún dúró méfò. Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó kó àdó méjèèjì, ó di ọ̀dọ̀ Òòrẹ̀. Alángbá ń wọ́ tẹ̀lé e.

Ẹ̀rù ẹ̀gún ba ìyàwó rẹ̀ náà, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó béèrè. Èwo ni mímu? Ẹ̀kán mélòó? Tó bá bì í ńkọ́? Ṣé kó jẹun? Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún Òòrẹ̀ títí Òòrẹ̀ fi ní, "O ti gbọ́ mi." Wọ́n kán ẹ̀kán mẹ́ta sí Àwẹ̀ró lẹ́nu. Oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tó lajú, tó ní, "Bàbá mi, omi."

Alángbá fẹ́ dá a lóhùn. Ẹnu rẹ̀ là, ó pa dé. Ó kọjú sí Òòrẹ̀. Ó fẹ́ bi í bóyá ohùn òun á padà, bóyá òun á tún lè pe orúkọ ọmọ òun. Orí nìkan ló gbọ́ràn sí i lẹ́nu: sókè, sódò.

"Sọ ọ́," ni Òòrẹ̀ wí. "Kí lo fẹ́ mọ̀?"

Sókè, sódò. Òòrẹ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni alángbá àti gbogbo ìran rẹ̀ kò ti ní ohùn. Wọ́n á sáré díẹ̀ lórí ògiri, wọ́n á dúró, wọ́n á wò ọ́ lójú, wọ́n á máa gbé orí sókè sódò. Ọmọdé a ní wọ́n ń kí òun ni. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi wá.