Ìgbín Tí Kò Lọ́wọ́ Ta Ayò

"Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀! Ìyá àgbà, etí wa ṣí sílẹ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀bọ, ọ̀ta ayò. Ọ̀bọ ti fi ayò gba abẹ́ ìrókò lọ́wọ́ gbogbo ẹranko. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, tí oòrùn fẹ́ pa Ìgbín, ó wá pe Ọ̀bọ níjà ayò nítorí ibòji náà.

Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o kò lọ́wọ́?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò máa bá mi ta á, bàbá."

Ìgbín fa ojú wọ inú ìkarahun, ó ń pe ilé tí Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò ta, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sọ èyí tí Ọ̀bọ ta fún un, Ìgbín sì ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ayò ń bẹ nínú orí mi,
*Wọ́ọ́rọ́!*
N ò lọ́wọ́, mo ní ọkàn,
*Wọ́ọ́rọ́!*

Ìgbín jẹ ọpọ́n kìíní. Ọ̀bọ ní oríire lásán ni. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Ọ̀bọ yọ́ ọmọ ayò kan mú nínú ilé Ìgbín kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ kó ilé náà, ó ní mẹ́rin ni.

"Márùn-ún ni," Ìgbín wí láti inú ìkarahun. "Bàbá, ẹ ṣí ọwọ́ yín."

Háà! Irun ara Ọ̀bọ dìde! Ọmọ ayò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fìdí rẹmi, ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kẹta, Ìgbín sì jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Ọ̀bọ la ẹnu, kò lè pa á dé. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń wo bí ẹ ṣe ń ta ayò; bí ẹ bá ti ń sùn, èmi a pa ojú dé, n ó máa bá yín ta ayò nínú orí mi. Ó pẹ́ tí ẹ fi ń nà mí níbẹ̀."

Ọ̀bọ fi ibòji sílẹ̀ fún Ìgbín. Ó gun orí igi lọ, ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ.